Ẹ̀fọ́ Ìyá Mi, Pákó Ọ̀rẹ̀

Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò láti Ṣàgámù lọ sí Bìní rí ti mọ Ọ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì ńlá máa ń dúró kí èrò sọ̀ kalẹ̀ jẹun, ibẹ̀ náà ni ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa ti pàdé títì márosẹ̀. Àwọn àgbà tó rántí oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra gba Bìní kọjá tí wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ wa, kì í gbọ́ orúkọ ìlú yìí kí wọ́n má rántí ogun. Títí dòní ni Yorùbá ṣì ń sọ pé "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀." Ní tèmi, ohun méjì ni mo fi mọ Ọ̀rẹ̀: pákó àti ẹ̀fọ́. Pákó ni mo fi èjìká gbé, ẹ̀fọ́ ni ìyá mi tà.

Ọmọ ọdún 19 ni mí nígbà tí mo parí ìwé mẹ́wàá tí kò sí owó láti tẹ̀ síwájú. Mo lọ bá àwọn lódà tó ń gbé pákó sínú tírélà ní sọ́míìlì kan lẹ́yìn ìlú. Igi tútù ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là á, omi inú rẹ̀ ò tíì gbẹ, ó wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ. A ó fi àkísà tẹ́ èjìká, a ó gba orí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn gòkè sínú ọkọ̀, a ó sọ ẹrù kalẹ̀, a ó tún padà. Láti aago méje àárọ̀ ni, títí oòrùn fi máa wọ̀. Lọ́jọ́ kìíní, inú mi dùn pé mo lè bá àwọn àgbà ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, mo fẹ́ dìde lórí ẹní, itan mi kọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mi ò lè gbé apá sókè láti wọ ẹ̀wù.

Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ agbára tí kò mọ́ ọn lára rí á mọ ìrora yẹn. Kì í dé lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń le jù. Iṣan apá àti itan wa dà bí okùn ńlá tí wọ́n fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́nrán tín-ín-rín lọ́. Tí a bá gbé ohun tó ju ìwọ̀n tí wọ́n ti mọ̀ lọ, àwọn fọ́nrán kan á ya níbi kéékèèké, ibẹ̀ á wú, á sì máa ro ni. Kì í ṣe àìsàn. Ara á bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe, bí apẹja ṣe ń tún àwọ̀n tó ya hun. Bí ara bá rí oúnjẹ tó yẹ àti oorun tó tó, ibi tó tún ṣe yẹn á nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí iṣan ṣe ń dàgbà nìyẹn: iṣẹ́ á ya á, oúnjẹ àti oorun á tún un kọ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kò jẹun dáadáa ń ya àwọ̀n lójoojúmọ́ láìsí ẹni tó ń hun ún.

Àwa lódà ò mọ èyí. Ohun tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kẹta ni oògùn ara ríro, hóró méjì, àti ohun mímu inú agolo kan tó ń jẹ́ kí àyà èèyàn máa lù kìkì. Mo lò ó. Ìrora lọ, mo sì gbé pákó bí ẹni tí kò lára. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bá a lọ bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán wa kì í yí padà: èbà ràbàtà, ọbẹ̀ ata tó ṣàn bí omi, pọ̀nmọ́ kan tàbí méjì. Èbà ń yó wa, ó sì ń fún wa lágbára tí a fi ń rìn, mi ò ní bú u. Ṣùgbọ́n ohun tí iṣan fi ń tún ara rẹ̀ ṣe kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú gààrí rárá, ti inú pọ̀nmọ́ náà kò sì pé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí àtẹ̀gùn pákó yẹn. Ẹrù ṣubú sí apá kan, èmi náà ṣubú sí apá kejì. Ọlọ́run ló yọ mí. Wọ́n mú mi lọ bá ìyá mi nínú ọjà.

Ìyá mi ò bá mi wí. Wọ́n fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀, wọ́n wo inú rẹ̀ tó funfun, wọ́n ní, "Ẹ̀jẹ̀ ò sí lára ẹ, ọmọ mi." Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n já tẹ̀tẹ̀ àti gbúre tó kù lórí àtẹ, wọ́n rò ó pẹ̀lú ata, irú, epo pupa àti ẹja àrọ̀ gbígbẹ. Èbà tí wọ́n gbé síwájú mi kò ju ìkúùkù mi lọ. Ẹ̀fọ́ ló kún abọ́. Wọ́n se ẹ̀wà sí ìkòkò mìíràn. Wọ́n gba oògùn ọwọ́ mi sọnù, wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ fojú kan sọ́míìlì fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí n máa sùn. Nígbà tí mo máa padà, kúlà oúnjẹ ni mo gbé dání. Ọdún mẹ́rin ni mo sì fi gbé pákó lẹ́yìn ìyẹn, n kò tún ṣubú. Owó pákó ló rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́. Láti ìgbà yẹn, eré ìdárayá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níhìn-ín ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí mò ń sọ fún àwọn ọmọ ni pé ẹ̀fọ́ ló kọ́ ara mi. Ìgbà tí mo kàwé síwájú sí i ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò pé, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba àbọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi mọ́.

Ewé nìkan kì í kọ́ iṣan. Èròjà amúaradàgbà, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí purotéènì, ni iṣan fi ń dàgbà. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 49 jọ tí èèyàn 1,863 kópa nínú wọn. Wọ́n rí i pé ẹni tó ń gbé irin kí iṣan rẹ̀ lè ki nílò nǹkan bíi gíráàmù 1.6 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ara rẹ̀ wọ̀n; ohun tó bá lé lórí ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ mú àfikún wá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún lódà kan tó wọ̀n kílò 70: gíráàmù 112 ni. Tẹ̀tẹ̀ tútù gíráàmù 100 kò ní ju gíráàmù méjì ààbọ̀ lọ nínú, nítorí pé omi ló ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi tẹ̀tẹ̀ nìkan kájú rẹ̀ ní láti jẹ kílò mẹ́rin ààbọ̀ lójúmọ́. Kò sí ikùn èèyàn tó gba ìyẹn. Ẹyin kan ní gíráàmù mẹ́fà. Ẹ̀wà sísè gíráàmù 100 ní bíi mẹ́jọ, ẹja tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ ní bí ogún. Ẹja àrọ̀ àti ẹ̀wà ìyá mi ló gbé purotéènì wá sínú abọ́ yẹn.

Kí wá ni ẹ̀fọ́ ń ṣe? Á yé ẹni tó bá ti dé sọ́míìlì. Gẹdú lè kún ilẹ̀ débi pé kò sí ọ̀nà tí èèyàn á gbà kọjá. Bí kò bá sí ẹni tó pọ́n ayùn, tí kò sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, gẹdú náà ò ní di pákó láéláé. Ẹja àti ẹ̀wà ni gẹdú. Ohun tó ń pọ́n ayùn tó sì ń fi epo sí ẹ́ńjìnnì, inú ewé ló pọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀jẹ̀, níbi tí ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀. Èròjà irin inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ bá iṣan. Bí irin bá dín kù, iṣan á tètè rẹ̀ bó ti wù kó tóbi tó, ojú á sì máa ṣú ẹni lójijì. Ewédú tútù gíráàmù 100 ní bíi mílígíráàmù 4.8 irin nínú, tẹ̀tẹ̀ ní 2.3. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ ṣá o: irin inú ewé kì í tètè wọ ara bíi ti inú ẹran. Ó ń fẹ́ ẹni tó máa fà á wọlé. Fítámì C tó wà nínú ata, tòmátì àti ọsàn ń fà á, ẹran àti ẹja náà ń fà á. Tíì tí àwọn kan máa ń mu bí wọ́n bá ṣe ń jẹun tán ń dí i lọ́nà. Ẹ tún wo ìkòkò ẹ̀fọ́ rírò wa: ewé, ata rodo, ẹja. Àwọn ìyá ìyá wa kò gbọ́ nípa fítámì rí, síbẹ̀ wọ́n ti fi ohun tó ń fà pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n fẹ́ fà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni magnesium. Nínú èròjà tó mú kí ewé ní àwọ̀ tútù yẹn gan-an, magnesium ló wà láàárín gbùngbùn rẹ̀. Iṣan tó bá ti sún kì nílò rẹ̀ kó tó lè dẹ̀. Fítámì C tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà ni ara fi ń hun okùn líle tó so iṣan mọ́ eegun. Orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ lódà mọ iṣẹ́ okùn yẹn. Ní ti potassium, mo rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé irin tí wọ́n ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ wá a kiri. Wọn ò ṣìnà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dára, gíráàmù 100 rẹ̀ ní mílígíráàmù 358. Tẹ̀tẹ̀ tútù tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ ní 611. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n kà sí oúnjẹ obìnrin ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń rà lójú títì lọ.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni nitrate. Ewé máa ń fa nitrate láti inú ilẹ̀, tẹ̀tẹ̀ sì wà lára àwọn tó ń fà á jù. Bí a bá jẹ ewé náà, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé orí ahọ́n wa, lápá ẹ̀yìn, á sọ ọ́ di nǹkan mìíràn; ara á tún sọ ìyẹn di nitric oxide, tó ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ fẹ̀. Òpó tó fẹ̀ ń gbé ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ dé iṣan tó ń ṣiṣẹ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta, Robert Furchgott, Louis Ignarro àti Ferid Murad, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1998 lórí iṣẹ́ tí nitric oxide ń ṣe nínú òpó ẹ̀jẹ̀. Oògùn ìfọnu tó le máa ń pa àwọn kòkòrò orí ahọ́n yìí, ẹ̀fọ́ tí èèyàn jẹ kò sì ní lè ṣe iṣẹ́ yẹn tán. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n fi búrọ́ṣì tàbí pákò fọ eyín, ó tó.

Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ní Karolinska Institutet ní Sweden fi nitrate sínú omi mímu eku fún ọjọ́ méje. Ìwọ̀n rẹ̀ dà bí ohun tí èèyàn máa rí nínú gíráàmù 200 sí 300 spinach, ẹ̀fọ́ àwọn òyìnbó, lójúmọ́. Iṣan àwọn eku náà lágbára ju ti àwọn tí kò mu ún lọ. Eku ni, kì í ṣe èèyàn, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ìwádìí Ọsirélíà tó jáde ní 2021 jù ú lọ. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Edith Cowan wo àkọsílẹ̀ èèyàn 3,759 tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé fún ọdún 12. Àwọn tó ń jẹ nitrate jù, tó jẹ́ pé inú ẹ̀fọ́ ni púpọ̀ rẹ̀ ti wá, lágbára ẹsẹ̀ ju àwọn tó ń jẹ ẹ́ kéré jù lọ pẹ̀lú ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì yára rìn jù wọ́n lọ pẹ̀lú ìdá mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ló rí yálà wọ́n ń ṣe eré ìdárayá tàbí wọn kì í ṣe é. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò lè búra pé ẹ̀fọ́ nìkan ló fà á, torí pé ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ lè máa tọ́jú ara rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ṣùgbọ́n èèyàn ni wọ́n wò, wọ́n pọ̀, ó sì pẹ́.

Ọ̀kan nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe fún wọn rọrùn: dìde lórí àga, rìn lọ síwájú díẹ̀, padà, jókòó. Wọ́n ń ka ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀. Nígbà tí mo kà á, ìyá mi ló wá sí mi lọ́kàn. Wọ́n ti lé ní ọdún 75 báyìí. Àpótí kékeré kan tí kò dé orúnkún ni wọ́n ń jókòó lé nídìí àtẹ. Oníbàárà á dé, wọ́n á dìde láìfọwọ́ ti ilẹ̀, wọ́n á rìn lọ sídìí agbọ̀n, wọ́n á bu ìdì ẹ̀fọ́ wá, wọ́n á tún jókòó. Iye ìgbà tí wọ́n ń ṣe ìdánwò Ọsirélíà yẹn lóòjọ́, n kò lè kà á. Iṣan èèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í joro díẹ̀díẹ̀ tí èèyàn bá ti kọjá ọgbọ̀n sí ogójì ọdún. Àgbàlagbà tí itan rẹ̀ kò lè gbé e dìde mọ́ ni ẹni tó máa ṣubú ní balùwẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ya àyà nìkan ni mò ń sọ.

A ò sì ní sọ pé a ò rí ẹ̀fọ́. Ilẹ̀ wa níhìn-ín tutù. Bí ẹ̀rùn bá mú, àwọn àgbẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àkùrọ̀ lẹ́bàá odò, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ á sì máa jáde láti ibẹ̀ wá sọ́jà nígbà tí oko òkè ti gbẹ. Bí òjò bá rọ̀, ebòlò á hù láìgbìn. Wòròwó fẹ́ràn abẹ́ òjìji igi kòkó. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí a bá lọ ká kòkó, agbọ̀n wòròwó la máa ń gbé bọ̀ wálé pẹ̀lú rẹ̀. Láti ìgbà tí oògùn apakoríko ti gba oko, n kì í rí i bíi ti àtijọ́, ó sì ń dùn mí. Àwọn ará Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ tó wà láàárín wa kò fi marúgbó ṣeré: wọ́n á gún ewé náà, wọ́n á sè é di ọbẹ̀ dúdú, wọ́n á fi ẹja kún un, wọ́n á fi púpurú jẹ ẹ́. Àlejò tó bá kọ́kọ́ rí i lè bẹ̀rù àwọ̀ rẹ̀. Kó tọ́ ọ wò. Úgú tó jẹ́ ti àwọn ará ìlà-oòrùn tẹ́lẹ̀ ti di ti gbogbo wa. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kánádà ti ṣiṣẹ́ láti ọdún 2011 lórí irú ẹ̀fọ́ ilẹ̀ wa wọ̀nyí, tẹ̀tẹ̀, úgú àti ẹ̀fọ́ igbá wà lára wọn, kí àgbẹ̀ lè gbìn wọ́n fún èrè. Ohun tí àwọn onímọ̀ ti ná owó lé lórí, àwa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ sí sọ́míìlì.

Ibi tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni ìdáná, torí pé ibẹ̀ ni a ti ń pàdánù ohun tí a rà. Mo rí àwọn tó ń bọ ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n ń fún un bí ẹní fún aṣọ, tí wọ́n ń da omi tútù yọ̀yọ̀ yẹn nù. Fítámì C, potassium, nitrate, gbogbo wọn ló ń bá omi lọ. Ewúro ní láti fọ̀, mo mọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ta ló máa lè jẹ ẹ́? Ẹni tí dókítà sọ fún pé ó ní òkúta nínú kíndìnrín náà, kó bọ tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ kó sì da omi nù, nítorí oxalate inú rẹ̀. Ẹlòmíràn kò nílò rẹ̀. Kí ẹ fọ ewé náà kí ẹ tó gé e, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ gé e tán. Kí ẹ jẹ́ kí ata àti epo jinná dáadáa lórí iná ná, kí ẹ wá da ẹ̀fọ́ sí i, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, kí ẹ sọ̀ ọ́. Epo pupa kò burú níbẹ̀. Láìsí epo, èròjà tó ń di fítámì A nínú ewé kò ní wọ ara dáadáa. Ṣíbí epo kan tàbí méjì tó, kò yẹ kó léfòó bí adágún.

Àti káún inú ewédú. Mo mọ̀ pé ó ń jẹ́ kó tètè fà. Ṣùgbọ́n káún ń ba fítámì C àti fítámì B1 jẹ́ nínú ìkòkò. Ìyá mi kì í fi káún sí ewédú. Ìjábẹ̀ àti ọwọ́ tó yára ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì ń fà bí ewédú ẹnikẹ́ni.

Ọmọkùnrin kan wà nínú àwọn tí mo ń kọ́ tó ń tọ́jú owó oúnjẹ rẹ̀ kó lè ra páúdà purotéènì alágolo. Ó ń mu páúdà, kì í jẹ oúnjẹ ọ̀sán, àyà rẹ̀ ò sì ki. Mo mú un jókòó, a jọ ṣírò ohun tí owó agolo kan máa rà ní ọjà Ọ̀rẹ̀: ẹyin, ẹ̀wà, ẹja ṣawa, ìdì tẹ̀tẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Páúdà kì í ṣe májèlé, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ó wà nínú ẹyin. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ni ewé. Ó padà sí oúnjẹ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, òun fúnra rẹ̀ ló wá fi apá hàn mí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìkìlọ̀ mẹ́ta kí n tó gbàgbé. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé fi ẹ̀fọ́ kún oúnjẹ rẹ̀ tàbí kó ṣàdédé dín in kù láìsọ fún dókítà, nítorí fítámì K inú ewé ń bá oògùn náà jà. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń daṣẹ́ sílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ béèrè ìwọ̀n lọ́wọ́ dókítà, torí potassium. Bákan náà, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti gbin ẹ̀fọ́ tí ẹ ń rà. Èyí tí wọ́n gbìn sétí títì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn mẹkáníìkì ń da ọ́ìlì sí, n kì í jẹ ẹ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó tó gíráàmù 400 lójúmọ́, kí wọ́n pín in sí ìgbà márùn-ún, gíráàmù 80 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú àwo èbà tí wọ́n ń gbé fún lódà lẹ́bàá títì wa, ẹ̀fọ́ rẹ̀ máa ń jẹ́ ṣíbí kan, bí ẹni fi ewé ṣe ọ̀ṣọ́. N kò dá àwọn olóńjẹ lẹ́bi. Ohun tí oníbàárà ń béèrè ni wọ́n ń sè, oníbàárà sì ń pariwo pé kí wọ́n fi èbà kún un. Ọkùnrin ń tijú láti béèrè ẹ̀fọ́. Mo ti gbọ́ ọ ní etí mi níbi tí wọ́n ti ń bi ọkùnrin tó béèrè rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ ò yá ni.

Ẹ̀yin lódà, ẹ̀yin tó ń gbé pákó, ẹ̀yin tó ń já kòkó kalẹ̀, ẹ̀yin bíríkìlà àti alábàárù ọjà, ẹ dín òkè èbà yẹn kù díẹ̀, kí ẹ fi owó rẹ̀ béèrè ẹ̀fọ́ ṣíbí mẹ́ta àti ẹja tàbí ẹ̀wà. Ẹ sùn. Ẹ jẹ́ kí oògùn ara ríro wà lọ́wọ́ dókítà. Ẹ̀yin ìyá olóńjẹ Ọ̀rẹ̀, ẹ̀yin ni mo bẹ̀ jù: ẹ se ìkòkò ẹ̀fọ́ tó tóbi, kí ẹ má bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ ó ti rà á, ìyá mi ń bẹ lórí àpótí wọn nínú ọjà láti aago méje àárọ̀.